Pákó Agbẹ́kànga ní Kíláàsì Tíṣà Oníyẹ̀pẹ̀

Tíṣà Oníyẹ̀pẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè é, wọ́n sì rò pé kò mọ̀. Ó mọ̀. Ó tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀: òkúta, iyanrìn, amọ̀, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa tí a kì í bẹ̀rẹ̀ wò. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èékánná rẹ̀ kò mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọṣẹ ti bá a jà títí, ọṣẹ ti gbà fún un.

Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń gbé, nínú yàrá méjì àti pálọ̀ kan. Ojú fèrèsé gbogbo ló kún fún ìgò, ìgò sì kún fún yẹ̀pẹ̀. Ó kọ ibi tó ti bu ọ̀kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀: ẹ̀yìn ilé ìfowópamọ́, etí odò, ibi ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Àbúrò ti sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ẹnu ti rẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i pé yẹ̀pẹ̀ ló wà nínú ìgò ṣúgà?"

"Mo rí i. Èmi ni mo kó o síbẹ̀."

"Ṣúgà wá ńkọ́?"

"Ó wà nínú agolo tí mo kọ 'amọ̀ funfun' sí lára. Kí ló le níbẹ̀?"

Ohun kan wà nínú ilé náà tí àbúrò kì í fọwọ́ kàn, bó ti wù kí inú bí i tó. Pákó kan ni, ó gùn tó apá ènìyàn, wọ́n gbé e kọ́ sí òkè bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá wọn ló ni ín. Agbẹ́kànga ni bàbá wọn, kò mọ̀wé rárá. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri, á fẹ̀yìn tì í. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá ń gbẹ́ kànga, bí àwọ̀ ilẹ̀ bá ti yí padà, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á pò ó mọ́ àtè, á fi ìka fà á sórí pákó: ìlà pupa, ìlà ìyeyè, ìlà eérú, bí wọ́n ṣe tò léra nínú ihò gan-an. Ibi tó bá ti kan omi, á tẹ ìka mẹ́ta síbẹ̀. Bí ará àdúgbò kan bá fẹ́ gbẹ́ kànga, bàbá á mú pákó jáde, á ní, "Ẹ gbẹ́ kọjá pupa, ẹ gbẹ́ kọjá ìyeyè, bí ẹ bá rí eérú, ẹ lọ gbé kẹ̀rẹ̀gbè wá." Kò ṣì í sọ rí, àfi lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó sì ṣẹlẹ̀ sí kò dárí jì í títí ó fi kú.

Nígbà tí Tíṣà Oníyẹ̀pẹ̀ wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó gbé pákó náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ rẹ̀ bi í pé kí nìyí. Ó ní ìwé bàbá òun ni. Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì bá a rín in, ọmọ náà sunkún délé. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, ó ti sin ọkọ, ó ti sin ìyá, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn kò tíì jáde létí rẹ̀.

Wàyí o, ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kan, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní yíya àwòrán fẹ̀yìn tì, èyí tó ń kọ́ wọn ní àròkọ sì lọ bímọ. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́, ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ọ́fíìsì, kò fẹ́ ìyọnu wíwá olùkọ́ mìíràn. Ó ní kí wọ́n kó méjèèjì fún Tíṣà Oníyẹ̀pẹ̀. "Ṣebí ó máa ń ya òkúta sójú pátákó? Ṣebí ó sì mọ̀ ọ́n kọ?" Bí wọ́n ṣe yan olùkọ́ iṣẹ́ ọnà nìyẹn.

Igbákejì ọ̀gá ló ń ṣe táímùtébù. Màdáámù Rúlà ni orúkọ tirẹ̀, nítorí rúlà onírin kan tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Obìnrin yìí kì í ṣàṣìṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, a sì máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ń ṣe táímùtébù yẹn, eyín ń dùn ún bí ẹni pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Ó kó ẹ̀kọ́ ilẹ̀, àwòrán àti àròkọ kíláàsì kejì sínú àpótí kan ṣoṣo: Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá sí aago méjìlá. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta, olùkọ́ kan, wákàtí kan náà. Ó fi rúlà fa ìlà yí i ká, ìlà náà gún régé. Ọ̀gá àgbà buwọ́ lù ú láìwò ó, nítorí kì í ka ohunkóhun tó bá ju ìlà méjì lọ. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá olùkọ́. Olúkúlùkù wá orúkọ ara rẹ̀, ó kùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Tíṣà Oníyẹ̀pẹ̀ dúró níwájú ìwé náà. Ó kà á. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún mọ́ etí aṣọ, èyí tó wá bà á jẹ́ sí i, ó tún un kà. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín láti inú wá. Ẹlòmíràn á ti sáré lọ bá igbákejì pé, "Màdáámù, ẹ ti ṣì í o." Òun kò wí fún ẹnikẹ́ni. Ó délé, ó gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó yọ pákó bàbá rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Àbúrò dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

"Ilé ẹ̀kọ́."

"Wọ́n tún máa fi yín rẹ́rìn-ín."

"Èmi ni olùkọ́ báyìí. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, màá fún un ní òdo."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ ogójì ló wà ní kíláàsì kejì, wọ́n sì ti kọ nǹkan sílẹ̀ láti ẹnu olùkọ́ títí ọwọ́ wọn fi kú. Nígbà tó ní kí wọ́n gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì jáde, wọ́n sáré bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò kan tó jìn dé àyà ènìyàn. Wọ́n bu ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n da díẹ̀ sínú ìgò omi, wọ́n mì ín, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n sì jókòó wo bí iyanrìn ṣe kọ́kọ́ rì, tí yẹ̀pẹ̀ kúnná tẹ̀ lé e, tí amọ̀ ń ṣe fàájì lójú omi títí di ọjọ́ kejì. Wọ́n gún èyí tó kù, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ gígùn jọ̀ ọ́, ìbọ̀sẹ̀ kan náà tí àbúrò ti ń wá káàkiri ilé láti ọjọ́ Àìkú. Wọ́n pò ó mọ́ pupa ẹyin, ó di ọ̀dà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan wá ya ihò náà sára páálí tirẹ̀, bí ti pákó yẹn, kò sì sí àwọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe yẹ̀pẹ̀ inú ihò fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àròkọ. Ó ní kí kálukú mú ìpele kan, kó jẹ́ kó sọ ìtàn ara rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu kọ ti amọ̀: "N kì í jẹ́ kí omi kọjá lára mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè ń sọ pé mo láhun. Ẹ gbọ́ mi, bí kì í bá ṣe èmi tí mo gbé omi dúró, inú kànga yín ì bá ti gbẹ." Ẹnìkan kọ ti yẹ̀pẹ̀ òkè, ìlà kan péré: "Gbogbo yín lẹ ń tọ̀ sí mi lára." Tíṣà Oníyẹ̀pẹ̀ kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n o ò sọ bí o ṣe nípọn tó."

Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa, àfi ọ̀rọ̀ ihò. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọ̀gá àgbà ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, torí ibẹ̀ nìkan ni wọn kò tíì da sìmẹ́ńtì bò. Wọ́n sì fi páálí bò ó kí eruku má bàa bọ́ sínú ìpele. Ọ̀gá àgbà dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí páálí, ó gbà pé páálí ni. Táyà iwájú rì wọnú ihò gbìì, imú ọkọ̀ fẹnu kan ilẹ̀.

Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tú jáde. Tíṣà Oníyẹ̀pẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ẹ pẹ̀lẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí táyà yẹn o! Ẹ máa da àwọn ìpele rú!"

Ọ̀gá àgbà jáde láti ẹnu ọ̀nà kejì, ikùn ṣáájú. "Ìpele? Ìpele! Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo kó fún yín, ihò lẹ ń gbẹ́! Ó dáa. Alábẹ̀wò mẹ́ta ni mo máa pè, ọ̀kan fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá sọ pé ẹ ò kọ́ ẹ̀kọ́ tòun, sítóò lẹ ń lọ. Àga tó ti kán lẹ ó máa ṣọ́ títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì. Olùkọ́ tó máa ń ka ìwé síta kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ ló máa gba kíláàsì yín."

Màdáámù Rúlà ló máa kọ lẹ́tà sí àwọn alábẹ̀wò. Ó jókòó, ó ṣí táímùtébù láti wo ọjọ́ àti wákàtí. Ó wo ti ẹ̀kọ́ ilẹ̀. Ó wo ti àwòrán. Ó wo ti àròkọ. Wákàtí kan náà ni. Ó fi rúlà wọn àpótí náà, bóyá ó máa di mẹ́ta. Kò di mẹ́ta.

Ó lọ bá Tíṣà Oníyẹ̀pẹ̀ níbi tó ti ń fọ ìgò, ó ní, "Màdáámù, ṣé ara yín le? Ojú yín pupa díẹ̀. Ẹ ò ṣe fi Ọjọ́rú sinmi?"

"Ara mi le koko."

"Ibà ń jà káàkiri o."

"Kò tíì mọ ilé mi."

Màdáámù Rúlà dúró síbẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, ṣùgbọ́n ogún ọdún ló ti fi ń sọ pé òun kì í ṣàṣìṣe, ẹnu kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí i padà. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Tíṣà Oníyẹ̀pẹ̀ jókòó sí pálọ̀, kò jẹun. "Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí fún àbúrò rẹ̀.

Ẹni tó ti fi ogún ọdún gbá yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn. Kò dùn. Ó ní, "Sítóò náà ò burú. Ẹ á máa rí yẹ̀pẹ̀ bù níbẹ̀."

"Kò sí yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n dà sí i, láti ògiri dé ògiri."

Àbúrò dìde, ó lọ mú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kejì wá, ó jù ú sí i lẹ́sẹ̀.

Aago mẹ́wàá Ọjọ́rú, àwọn alábẹ̀wò mẹ́ta pàdé lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kejì. Ti ẹ̀kọ́ ilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin tínrín kan tó fi pẹ́ẹ̀nì mẹ́rin sí àpò àyà. Ti àwòrán jẹ́ obìnrin kan tí lọ́fínńdà rẹ̀ ti dé ṣáájú rẹ̀. Ti àròkọ jẹ́ bàbá arúgbó kan tó ń tòògbé lórí ìdúró.

"Kíláàsì tí mo wá wò rè é," ni ti ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wí.

"Rárá o, tèmi ni," ni obìnrin náà wí.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ni Tíṣà Oníyẹ̀pẹ̀ wí. "Àyè wà. Ẹ kàn máa wo ilẹ̀, ìgò wà níbẹ̀."

Ó gbé pákó bàbá rẹ̀ kọ́ sójú pátákó. Ó yíjú sí àwọn àlejò. "Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí nìyí?"

Ti ẹ̀kọ́ ilẹ̀ gbé pẹ́ẹ̀nì kan. "Àwòrán ni."

Obìnrin náà sún mọ́ ọn. "Àwòrán kọ́. Ẹnìkan ń kọ nǹkan sílẹ̀ ni. Ẹ wo bó ṣe tò ó."

Bàbá arúgbó la ojú kan. "Mi ò rí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ ni mo rí."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà Oníyẹ̀pẹ̀ dúró gbọ́ ọ. Ogójì ọmọ ń rẹ́rìn-ín, pákó bàbá rẹ̀ wà níwájú wọn, ṣùgbọ́n pákó kọ́ ni wọ́n ń rín.

Ẹlẹ́nu dìde láìgbàṣẹ, bí ìṣe rẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá tó ṣe é kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo lè kà á fún yín." Ó sì kà á, láti òkè dé ìsàlẹ̀: bí pupa ṣe nípọn, ibi tí òjò ń rìn gbà nínú ìyeyè, ìdí tí omi fi jókòó sórí eérú, nítorí amọ̀ ni eérú náà. Nígbà tó dé ibi ìka mẹ́ta, ó fi ìka tirẹ̀ mẹ́ta sí i. "Omi rè é." Bó ṣe jókòó, àwọn ọmọ yòókù gbé páálí tiwọn sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan yẹ̀pẹ̀ òkè, obìnrin alábẹ̀wò fi ìwé bo ojú rẹ̀.

Láàárín ariwo yìí, ọ̀fun gbẹ bàbá arúgbó. Ife kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohun aláwọ̀ tíì sì wà nínú rẹ̀. Ó ti gbé e mu kí ẹnikẹ́ni tó lè ké.

"Tíì yín nípọn," ló wí.

"Bàbá, yẹ̀pẹ̀ àti ẹyin ni!"

Bàbá ronú díẹ̀, ó ń fi ahọ́n tọ́ ètè wò. "Ti òkè àbí ti ìsàlẹ̀?"

Lọ́jọ́ kẹta, ìwé àwọn alábẹ̀wò dé. Ọ̀gá àgbà pe Tíṣà Oníyẹ̀pẹ̀ àti Màdáámù Rúlà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó kà á sókè, ẹ̀rín sì ń yọ sí i léte. Ti ẹ̀kọ́ ilẹ̀ kọ ọ́ pé òun kò rí ẹ̀kọ́ ilẹ̀. Àwòrán àti àròkọ ni olùkọ́ náà ń kọ́ wọn, òun kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ́ méjèèjì tó bẹ́ẹ̀ rí. Ti àwòrán kọ ọ́ pé kò sí àwòrán níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n àròkọ àti ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ya òun lẹ́nu. Bàbá arúgbó kọ ọ́ pé àròkọ kọ́ ni wọ́n kọ́ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ àti àwòrán wọn kò láfiwé, tíì wọn nìkan ni kò dára.

"Ẹyọ kan ni mo sọ pé ó tó," ni ọ̀gá àgbà wí. "Ẹ̀yin gba mẹ́ta. Kọ́kọ́rọ́ sítóò rè é."

Tíṣà Oníyẹ̀pẹ̀ wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó na ọwọ́ láti gbà á.

Màdáámù Rúlà gbé rúlà rẹ̀ sílẹ̀ sórí tábìlì. Ẹ̀yin èèyàn, rúlà náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rí lójú ẹnikẹ́ni. "Ọ̀gá, èmi ni mo ṣì í."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ṣàṣìṣe." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tu egungun ẹja. "Wákàtí kan náà ni mo kó ẹ̀kọ́ mẹ́ta sí. Eyín ló ń dùn mí. Obìnrin yìí kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó kọ́ ọ débi pé àwọn tó wá wò ó kò mọ èyí tó jẹ́ tiwọn mọ́. Táímùtébù rè é. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ta nìyẹn?"

Ọ̀gá àgbà wo ìsàlẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wo ìwé náà láti ìgbà tó ti buwọ́ lù ú.

"Bí a bá fi àwọn ìwé yìí ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wa lókè," ni Màdáámù Rúlà wí, "wọ́n á béèrè táímùtébù."

Ọ̀gá àgbà ká ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó fa kọ́kọ́rọ́ sítóò padà. "Ẹ ṣáà lọ dí ihò yẹn," ló wí. Wọ́n dí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbà wọ́n lọ́jọ́ mẹ́ta, torí àwọn ọmọ kọ̀ jálẹ̀ pé amọ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ìyeyè, lẹ́yìn náà pupa, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ̀kan pọ̀ mọ́ ọ̀kan.

Lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màdáámù Rúlà dá a dúró. "Ẹ ti mọ̀ pé mo ṣì í, àbí?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ fún yín, ẹ máa tún un ṣe."

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, Màdáámù Rúlà wá sí kíláàsì kejì, ó tọrọ ife ọ̀dà mẹ́ta: pupa, ìyeyè, eérú. Táímùtébù tó lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn náà, àpótí rẹ̀ gbogbo ló gún régé, àfi àpótí Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìlà yẹ̀pẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó wọ́, ìka ni wọ́n fi fà á. Ọ̀gá àgbà ti buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Kò wò ó.